Àlọ́ àpamọ̀ ni, kì í ṣe àlọ́ àpagbè

Ẹ̀yin àbúrò mi, ìwé àkọ́kọ́ tí mo kà nínú àwọn ìwé ìtàn àròsọ tí wọ́n gbé ka ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, n kò kà á dé ìlàjì tí mo fi pa á tì. De la Terre à la Lune (Láti Ayé Lọ sí Òṣùpá) ni, tí Jules Verne kọ ní 1865. Ẹni tí ọkàn mi máa fà sí ni mò ń wá, n kò rí i. Ìpàdé, lẹ́tà, ìṣirò, ìpàdé mìíràn. Ó sú mi.

Ìyá àgbà ló là mí lójú. Lálẹ́ ọjọ́ kan níbí ní Àjàṣẹ́, wọ́n ń pa àlọ́ fáwọn ọmọ ilé: "Òkun ń hó yee, ọ̀sà ń hó yee, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́." Ọmọrogùn! làwọn ọmọ pariwo. Ọ̀sà kò jìnnà sílé wa rárá, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó bèèrè ọmọ ta ni ọmọ burúkú náà. Àlọ́ àpamọ̀ ni ìwé tí mo pa tì yẹn, èmi sì ń retí orin.

Mo padà sí i, tèmi ti bírò. Ìbọn ńlá kan tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 900, bíi mítà 270, ni Verne fi yin ènìyàn mẹ́ta láti Florida lọ sí òṣùpá. Eré tó fún ọta náà, kìlómítà 11 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, sún mọ́ iye tí nǹkan nílò gan-an kó tó lè bọ́ lọ́wọ́ ayé. Orí mi wú. Mo wá fi eré náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, mo fi ìlọ́po méjì gígùn ìbọn pín in: ara àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò wúwo ju ìlọ́po 20000 lọ! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un ṣe. Omi tí Verne fi ṣe tìmùtìmù fún wọn kò lè gbà wọ́n. Àṣìṣe yẹn yé mi ju ohun tí wọ́n kọ sójú pátákó fún wa lọ.

Bí ọgbọ́n inú ìwé bẹ́ẹ̀ kò bá múná, ẹ jù ú sílẹ̀, torí kò ní nǹkan mìíràn tó máa gbé e dúró.

Ẹ wá Mission of Gravity ti Hal Clement, 1954. Nínú ayé tó dá síbẹ̀, àpò ìrẹsì 50 kílò wa yóò wúwo bíi kílò 150 ní ìbàdí ayé náà (equator), bíi 35000 ní ṣóńṣó rẹ̀ (pole). Àwọn ẹ̀dá ibẹ̀ gùn pẹlẹbẹ bí ọ̀kùn, wọ́n sì ń bẹ̀rù ibi gíga. Mo kọ́kọ́ rò pé ojo ni wọ́n. Mo ṣírò rẹ̀: ká yọ ti atẹ́gùn kúrò, ohun tó bá já láti mítà 1 péré ní ṣóńṣó ọ̀hún, eré tó ju kìlómítà 400 ní wákàtí kan ló máa fi balẹ̀.