Ọdún tí ohùn mi lọ, àti àwọn orin tó jókòó tì mí

Ẹ̀yin tó ń ka ọ̀rọ̀ mi tipẹ́ mọ̀ pé oṣù Kejìlá ni mo máa ń ka oore ọdún lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún yìí, mo jókòó láti kà á, oṣù Kẹta nìkan ni mo rí. Oṣù Kẹta ni wọ́n yọ gẹ̀gẹ̀ tí mo ti ń gbé lọ́rùn láti ọdún mẹ́sàn-án. Mo dúpẹ́, iṣẹ́ abẹ náà parí, mo sì jí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ pe nọ́ọ̀sì, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde.

Dókítà ṣàlàyé pé iṣan tín-ín-rín tó ń darí ohùn gba ẹ̀yìn gẹ̀gẹ̀ kọjá, pé ó ti fara pa. Ó lè sọjí láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Ó sì lè má sọjí. Ẹ mọ ibi tí mo máa ń dúró sí nínú ẹgbẹ́ akọrin wa láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá. N kò ní kọ jù báyìí lọ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ ti Tádé.

Tádé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá láti Èkó ní ọjọ́ kọkànlá. Kò bi mí bí ara ṣe rí, torí ó mọ̀ pé n kò lè dáhùn. Ó ki earpiece bọ̀ mí létí, ó ní, "Mọ́mì Ìbàdàn, ẹ gbọ́ ẹni yìí. Kò lọ́fun, ó sì ń kọrin."

Hatsune Miku ni, akọrin inú kọ̀ǹpútà. Ilé iṣẹ́ Crypton Future Media ní Sapporo, nílẹ̀ Japan, ló gbé e jáde ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 2007. Èèyàn gidi ló ni ohùn náà: òṣèré kan, Fujita Saki, ló jókòó sídìí makirofóònù, tó ń pe ègé ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Vocaloid, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí Yamaha ṣe, ló ń gán àwọn ègé náà pọ̀. Olórin á to nóòtì sójú kọ̀ǹpútà, á kọ ọ̀rọ̀ sí i, Miku á sì kọ ọ́ lórin. Àwọn ará ìjọ tó wá kí mi ní ẹ̀rọ kò lẹ́mìí. Mo kọ ọ́ sínú ìwé fún wọn pé ṣé gángan lẹ́nu ni? Igi àti awọ ni, síbẹ̀ tó bá ki baba yín, omi á bọ́ lójú yín.

Orin tí mo kọ́kọ́ mọ̀ dáadáa ni "Melt" tí ryo ṣe lóṣù Kejìlá ọdún 2007. Òjò pa ọmọbìnrin kan, òun àti ẹni tó fẹ́ràn sì jọ wọ abẹ́ agboòrùn kan. Òjò ni wọ́n ń pè ní "ame" ní Tokyo, bí ohùn bá bẹ̀rẹ̀ lókè tó sì wálẹ̀. Bó bá ti ìsàlẹ̀ gòkè, midinmíìdìn ló dà yẹn. Ẹni tó bá ti fi ohùn orin òyìnbó kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rí nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tó mọ bí orin ṣe ń ba àmì ohùn jẹ́, á mọ ìdí tí mo fi jókòó ti orin yẹn fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Lẹ́yìn náà ni "Kokoro" ti Toraboruta, ọdún 2008, tí Kagamine Rin, ohùn Vocaloid mìíràn, kọ lórin. Ẹ má kà á bíi kòkòrò tiwa. Ọkàn ló túmọ̀ sí. Onímọ̀ kan ṣe róbọ́ọ̀tì, ó pé tán, ọkàn nìkan ni kò ní. Onímọ̀ náà kú. Lẹ́yìn ọdún gbọọrọ, ọkàn náà wọlé sí róbọ́ọ̀tì lára, ó wúwo jù fún un, ó sì ń dúpẹ́ títí ó fi bàjẹ́. Òru ni mo gbọ́ ọ. Mo sunkún, n kò sì gbọ́ ẹkún ara mi.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láìsí ìbànújẹ́, kó wá "Senbonzakura" ti Kurousa-P, ọdún 2011, kó sì wá bí Wagakki Band ṣe fi shamisen àti koto, ohun èlò orin olókùn ilẹ̀ Japan, lù ú. Ti cosMo, èyí tó dá lórí bí Miku ṣe ń parẹ́, n kò lè gbọ́ ọ tán títí di oṣù Kẹsàn-án.

"Rolling Girl" ni tèmi. wowaka ló ṣe é lọ́dún 2010. Ọmọbìnrin kan ń yí gbiri, ó ń ṣubú, ó sì ń sọ pé lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọdún 2019 ni wowaka kú, ọmọ ọdún 31. Mo bi Tádé nínú ìwé bóyá wowaka ti kú kí Tádé tó mọ orin rẹ̀. Ó ní rárá, ilé ìwé lòun wà, òun sì fi ẹkún náà pamọ́ fún gbogbo wa, torí a ò ní mọ ẹni tí òun ń sunkún fún. Inú ilé kan náà la jọ wà lọ́dún yẹn. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Lóṣù Kẹjọ ó sọ fún mi nípa UTAU, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà mìíràn tó ń kọrin, tó jáde lọ́dún 2008, ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni sì lè fi ohùn ara rẹ̀ sínú rẹ̀. Ó ní ohùn mi àtijọ́ wà lórí WhatsApp ẹgbẹ́ akọrin, pé òun lè gé e. Mo kọ̀. Mo bínú sí i fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ tí kò ṣe mi níbi.

Lóṣù Kọkànlá, ohùn kan dé. Ó rẹlẹ̀, ó há, ó máa ń já láàárín ọ̀rọ̀. Ní ìsìn orin Kérésìmesì, mo dúró láàárín àwọn áltò, àwọn obìnrin tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀, mo kọ ẹsẹ kan. Ìyá Ìbejì yíjú wò mí, kò sọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì Kérésì, mo ránṣẹ́ sí Tádé pé kó gbé makirofóònù bọ̀. Ohùn tó wà nílẹ̀ báyìí la ó gbà. Kọ́ńsónáńtì wa 18, fáwẹ́lì 7: ègé 126 nìyẹn, ká tó kan àwọn àránmúpè. A bẹ̀rẹ̀ láti "ba", a ń sinmi lẹ́yìn méje méje, mo ń mu omi gbígbóná. A ti ṣe 28. Láàárọ̀ ọ̀la, orí "gba" la ó ti bẹ̀rẹ̀.