Ohùn màámi há sínú kernel

Ó ti tó oṣù méjì báyìí tí mo ti ń fi òru kọ operating system kékeré kan (ètò tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ, kernel ni ọkàn rẹ̀) ní Ìbarà, l'Abẹ́òkúta níbí, kì í ṣe pé mo fẹ́ bá Linux du nǹkan kan o, mo kàn fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni. Kíbọ́ọ̀dù ti ń gbọ́ràn, nǹkan ti ń hàn lójú ẹ̀rọ, mo wá ní ó yá, kí òun náà sọ̀rọ̀. Mo fọwọ́ ara mi fa wàhálà.

Inú QEMU, ètò tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà, ni mo ti ń dán an wò, AC'97 ni mo sì mú, ìlànà káàdì ohùn tí Intel gbé jáde ní 1997, torí ó rọrùn ju HDA, àrọ́pò rẹ̀ tó dé ní 2004 lọ. Mo fi fóònù gba ohùn màámi níbi tí wọ́n ti ń sọ pé "Àkànní, ṣé o ti jẹun?", mo kó o sínú buffer, àyè nínú mẹ́mọ́rì tí káàdì ti ń kó ohùn, mo ní kó máa lọ. "Ṣé o ti jẹun-jẹun-jẹun-jẹun-jẹun", kò dúró mọ́. Màámi pariwo láti kíṣìnì: "Ta lebi ń pa tó báyẹn?"

Ṣé ẹ rí i, káàdì yìí kì í dúró de ẹnì kankan. Frame (ègé ohùn bíńtín) 48000 ló ń jẹ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó bá jẹ́ stereo bit 16, byte 192000 nìyẹn, DMA ló sì fi ń fà á látinú mẹ́mọ́rì láì bi CPU, ọpọlọ ẹ̀rọ. Ẹ wo ẹ̀rọ ata l'ọ́jà Láfẹ́ńwá, tẹ́ni tó ń da ata sí i bá yíjú láti gba owó, ọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ha ọlọ, gbogbo ọjà á gbọ́. Ìpín mẹ́rin ni buffer mi, ó ń yípo, frame 1024 ló wà nínú ìkọ̀ọ̀kan, bíi millisecond 21. Bó bá ti jẹ ìkan tán á rán interrupt, ìpè tó ń dá CPU dúró lẹ́nu iṣẹ́, kí n sáré da tuntun síbẹ̀. Tí mo bá pẹ́ títí tó fi yípo débẹ̀, àjẹkù àná náà ló máa tún jẹ, ìyẹn ni "jẹun" tẹ́ ẹ gbọ́ yẹn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá ohun tó ń dá mi dúró, àṣé èmi náà ni, inú interrupt handler gan-an, kóòdù tó ń dá ìpè yẹn lóhùn, ni mo ti ń kọ log (àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀) sójú ẹ̀rọ, ibẹ̀ náà ni mo ti tún ń ka fáìlì látinú dísìkì, àbí irú ìwà wo nìyẹn? Ní báyìí, handler kàn ń sàmì sí ìpín tó ti ṣófo ni, á jí thread kan (iṣẹ́ mìíràn tó ń lọ lọ́tọ̀), á kúrò níbẹ̀, thread yẹn ló ń da ata.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí kernel kúkú máa pa ohùn oríṣiríṣi pọ̀, kó máa yí ohùn tó ní frame 44100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan sí 48000. Mo ní rárá o. Ìṣirò onídẹ́símà lèyí, kernel Linux pàápàá ń sá fún un. Ní ti pípa ohùn pọ̀, àwọn oní-Linux ti jìyà àìsí rẹ̀ rí, láyé OSS, ètò ohùn wọn àtijọ́, lórí ọ̀pọ̀ káàdì, tí ètò kan bá ti di /dev/dsp, ẹnu ọ̀nà káàdì, mú, ìkejì á máa wòran. ALSA, àrọ́pò OSS, wọ kernel 2.6 ní 2003, síbẹ̀ ìta kernel ni àwọn ètò bíi PulseAudio àti PipeWire ti ń pa ohùn pọ̀. Tèmi náà, ìta ni.

Àmọ́ mi ò tíì kọ tìta yẹn. 44100 ni fóònù fi gba ohùn màámi, 48000 ni káàdì ń sá, ohùn wọn wá tínrín, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí mọ́tò Èkó fẹ́ já sílẹ̀. Wọ́n ní kí n má jẹ̀ẹ́ káwọn ẹlẹ́gbẹ́ àwọn gbọ́ ọ o.