Kábéèjì olórí mẹ́rin

Ẹ wo nǹkan tójú mi rí n'Ìpẹrù níbí. Owó kábéèjì tí wọ́n ń kó wá láti Jos ló bí mi nínú lọ́dún tó kọjá, ni mo bá gbin 60 sẹ́yìnkùlé, mo ní ṣé ilẹ̀ Rẹ́mọ ò lè hu ewé ni. Ó hù o, ó tutù yọ̀yọ̀, àfìgbà tó kù díẹ̀ kó máa ká orí tí gbogbo ewé lu jára bí ajere.

Mo yí ewé kan padà, ìdin aláwọ̀ ewé ni, kò gùn ju èékánná ọwọ́ mi lọ. Mo fọwọ́ kàn án báyìí, ló bá ń fẹ̀yìn rìn, ó ń jà pìtìpìtì, ó já bọ́ létí ewé, kò sì balẹ̀, ó so rọ̀ sórí òwú tín-ín-rín bí aláǹtakùn. Diamondback moth lòyìnbó ń pe àfòpiná tó bí i.

Wọ́n ta oògùn olóòórùn kan fún mi, mo fín in lẹ́ẹ̀mẹta, aláǹtakùn tó ń bá mi pa ìdin ló kú, ìdin ń jẹun lọ ní tiẹ̀. Mi ò mọ̀ pé láti 1953 ni wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní Java, ní Indonesia, DDT gan-an, oògùn kòkòrò ayé ìgbà yẹn, ò ràn án mọ́.

Màmá tó ń gbin ẹ̀fọ́ nítòsí wa ló dúró wò mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. "Ìwọ ọmọ yìí, abẹ́ ewé ni wọ́n ń gbé, orí ẹ̀ lò ń fín, nínú oòrùn ganrínganrín yìí náà?" Wọ́n ní kí n lọ já dongoyaro. Mo gún un, mo rẹ ẹ́ mọ́jú, mo sẹ́ ẹ, mo po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn, ìrọ̀lẹ́ ni mò ń fín in torí oòrùn máa ń ba agbára ẹ̀ jẹ́, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, abẹ́ ewé ṣá. Kì í pa wọ́n lójú ẹsẹ̀ o, oúnjẹ ni wọn ò ní lè jẹ mọ́.

Àwọn kan ti bàjẹ́ ná. Ìdin mìíràn ti jẹ ọ̀mùnú wọn nígbà tí wọ́n ṣì kéré, ni wọ́n bá yọ orí mẹ́rin wẹ́wẹ́ dípò ẹyọ kan, kò sóhun téèyàn fẹ́ fìyẹn ṣe. 9 tún ń di yẹ́lò láti etí ewé wọnú bíi lẹ́tà V, iṣan ewé dúdú. Àrùn tí wọ́n ń pè ní black rot nìyẹn, kò gbóògùn. Èmi náà ni mò ń fi họ́ọ̀sì da omi lé wọn lórí, bẹ́ẹ̀ omi tó ń ta sọ́tùn-ún sósì ló ń gbé e kiri. Mo fà wọ́n tu, mo dáná sun wọ́n, àgbàdo ló wà níbẹ̀ báyìí, ó dọdún kẹta kí kábéèjì tó padà síbẹ̀. Irúgbìn tuntun, omi gbígbóná 50°C ni màá kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sí fún ìṣẹ́jú 25.

19 péré ni mo rí kó. Mo gbé méjì lọ fún Màmá, wọ́n yí i wò síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n ní ṣé kóun fi se ìkọ́kọrẹ́ ni.