Ẹṣin Bàbá Àgbà

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo bá bàbá mi níwájú tẹlifíṣọ̀n nílé wa ní Sábẹ̀ẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin. Prix d'Amérique ni wọ́n ń wò, eré ẹṣin ńlá tí wọ́n máa ń sá ní Vincennes lẹ́bàá Paris. Ẹṣin kọ̀ọ̀kan ń fa kẹ̀kẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó gbé ẹnì kan, mítà 2,700 gbáko. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ ni àwọn ẹṣin náà ń rìn, wọn ò gbọdọ̀ fò sáré o; èyí tó bá fò sáré, wọ́n lè yọ ọ́ kúrò.

Bàbá ní, "Ourasi ni ẹṣin! Ó gbà á ní 1986, 1987, 1988, ó tún padà wá gbà á ní 1990."

Mo ní, "Bàbá, níbo lẹ ti mọ ẹṣin tó báyìí?"

"Ṣé o ò mọ̀ pé a ní ẹṣin nínú agboolé yìí rí ni?"

N ò mọ̀ rárá. Bàbá ní ọ̀dọ̀ àwọn Bàrìbá ní Níkì, ní àríwá Benin, ni bàbá àgbà ti rà á, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹṣin dárà nígbà ọdún Gààní. Ọkà bàbà ló ń jẹ. Àwọn eṣinṣin amùjẹ̀ ló kó àìsàn ràn án nígbà òjò, ló bá kú. Bàbá àgbà ò ra òmíràn mọ́.

Bàbá ṣí àpótí, wọ́n yọ ìjánu ẹṣin náà síta. Awọ rẹ̀ ti gan, òógùn ti sọ ọ́ di dúdú, irun pupa méjì ṣì há sójú rírán. Ojú mi kún fómi.

Ẹ̀yin ará Níkì, ta ló mọ ẹni tó lè tún awọ ìjánu ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì.