Ọkọ̀ tó ń fara nu afẹ́fẹ́ Máàsì

Iná ò sí ní Tánkẹ́ lálẹ́ àná, mo jókòó síta lẹ́yìn tí mo kírun tán, àbúrò mi obìnrin bá nawọ́ sókè, ó ní "Bọ̀dá, ìràwọ̀ wo ló pọ́n báyìí?" Mo ní kì í ṣe ìràwọ̀, Máàsì ni, ayé mìíràn tó ń yí oòrùn po bíi tiwa, pé ọkọ̀ táwọn èèyàn rán lọ síbẹ̀ ń yí i po bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ó ní kí ló dé tí kò já bọ́? Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi gan-an! Mo ní ó ń já bọ́ o, ṣùgbọ́n eré tó ń sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ pọ̀ débi pé bó ṣe ń já bọ́ náà ni ilẹ̀ ń tẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹ̀.

Iṣẹ́ wà nínú bí wọ́n ṣe ń dúró síbẹ̀. Eré burúkú ni ọkọ̀ máa ń bá débẹ̀, tí kò bá tẹ búrèèkì á kọjá lọ ni, ẹ́ńjìnnì ni búrèèkì ẹ̀, epo sì wúwo. Ẹ wo Mars Reconnaissance Orbiter ti Amẹ́ríkà tó débẹ̀ ní March 2006, bíi ìṣẹ́jú 27 péré ni wọ́n fi tan ẹ́ńjìnnì ẹ̀, ó wá ń fi wákàtí 35 yípo ẹ̀ẹ̀kan, á lọ jìnnà ju kìlómítà 44,000 lọ kó tó padà. Wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀ kó lè máa fara nu afẹ́fẹ́ òkè Máàsì nígbàkígbà tó bá sún mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn ń dín eré ẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀, bíi oṣù márùn-ún ni wọ́n fi ṣe é títí yípo kan ò fi tó wákàtí méjì mọ́. Sùúrù yẹn wú mi lórí, ẹ gbà mí gbọ́.

Torí afẹ́fẹ́ yẹn kì í ṣe nǹkan eré. Ní September 23, 1999, ó yẹ kí Mars Climate Orbiter, ọkọ̀ Amẹ́ríkà mìíràn, fi kìlómítà 226 jìnnà sílẹ̀ Máàsì bó ṣe ń kọjá, bíi 57 péré ló fi jìnnà, inú afẹ́fẹ́ ló wọ̀, wọn ò gbúròó ẹ̀ mọ́ títí dòní. Ohun tó fà á ni pé àwọn tó kọ́ ọ ń fi pọ́n-ùn ṣírò agbára ẹ́ńjìnnì kéékèèké ara ẹ̀, àwọn tó ń tọ́ ọ sọ́nà rò pé newton, òṣùwọ̀n agbára mìíràn, ni, bẹ́ẹ̀ pọ́n-ùn kan ju newton mẹ́rin lọ, àṣìṣe yẹn ń gun ara ẹ̀ lórí fún oṣù mẹ́sàn-án.

Màmá mi tó ń ta ẹ̀wà ní Ìpàta ni mo rántí. Wọ́n bá ẹnì kan ní Jẹ́bbà dúnàá-dúrà lórí fóònù, wọ́n ń sọ kóńgò, onítọ̀hún ń gbọ́ múdù, ìgbà tí ẹ̀wà dé ni ìjà bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn.

Àbúrò mi ní kí ni ti 2006 yẹn wá dà? Mo ní ó ti ń ṣiṣẹ́ látìgbà náà, ó wà lára àwọn tó ń bá rover, ọkọ̀ onítáyà tó ń rìn nílẹ̀ Máàsì, gbé fọ́tò wá sáyé, bíi kìlómítà 300 ló fi jìnnà sílẹ̀ Máàsì.

Ó ní "Háà, Ìlọrin sí Èkó náà nìyẹn."