Ooru Ló Ń Wọlé: Ohun tí Àpótí Yìnyín Inú Ọkọ̀ Kọ́ Mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà ní Àkúrẹ́ níbí, mo mọ̀ pé kọ́bọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀dì àti ilẹ̀kùn ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí ẹ ń rí. Èmi náà, ọdún 11 ni mo fi ṣe irú rẹ̀ ní Òkè-Àró kí bàbá kan, ọmọ Ìlàjẹ, tó wá bá mi pé òun ra ọkọ̀ onígbòkun àlòkù kan, pé pákó inú rẹ̀ ti jẹrà, kí n bá òun tún un ṣe. Igbókòdá ni ọkọ̀ ọ̀hún wà. Mo gba Oǹdó, mo gba Orè àti Òkìtìpupa débẹ̀. Mo ṣe àga, mo ṣe ibùsùn, mo ṣe ibi ìdáná. Kò sí èyí tó kọ́ mi lọ́gbọ́n tó àpótí yìnyín, èyí tí wọ́n ń kó yìnyín sí kí ẹja àti oúnjẹ inú ọkọ̀ má bàa bàjẹ́.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, èrò mi ni pé òtútù ló ń jáde nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀, pé bí mo bá ti lẹ ojú rẹ̀ pa dáadáa, iṣẹ́ parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ooru ló ń wọlé. Ooru tó máa yọ́ kílò yìnyín kan di omi tó èyí tó máa gbé omi líìtà kan láti dígírì òdo dé dígírì 80. Ẹ ò rí i pé yìnyín lágbára. Ṣùgbọ́n ooru ilẹ̀ wa kì í sinmi. Ó ń gba ìsàlẹ̀, ó ń gba ẹ̀gbẹ́, ó ń gba ìdérí wọlé tọ̀sán tòru. Fóòmù tó ń dá a dúró gan-an ni iṣẹ́. Pákó kàn gbé e ró ni.

Fóòmù yìí sì ń jẹ àyè. Àlàfo tí bàbá fi hàn mí jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 ní gígùn, 60 ní fífẹ̀, 60 ní jíjìn. Líìtà 216 nìyẹn. Ẹ wá fi fóòmù sẹ̀ǹtímítà 10, ìyẹn íǹṣì mẹ́rin, yí i ká tòkè tilẹ̀: ohun tó kù nínú di 40 lọ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, líìtà 64 péré. Mi ò sọ èyí fún bàbá kí n tó gé pákó. Nígbà tó rí i, ó ní, "Káfíńtà, ṣé ẹja kan ṣoṣo ni mo fẹ́ máa gbé ni?" Ó dùn mí wọra, torí òótọ́ ló sọ. Bí fóòmù bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5, á rí líìtà 125, àmọ́ ooru tó ń wọlé á ju ìlọ́po méjì lọ. Ẹni tó gbé iṣẹ́ wá ló yẹ kó yan èyí tó fẹ́. Ẹ fi páálí ṣe àwòṣe rẹ̀, kó fi ojú ara rẹ̀ rí i, kó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n.

Àṣìṣe tó ná mi lówó jù ni ti rẹ́sínì, oje tí a máa ń kùn tó sì máa ń gan. Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n tuntun sínú páálí ni mo kọ́kọ́ tò. Mo wá ra rẹ́sínì polyester, èyí tí àwọn oníṣẹ́ fáíbà ń lò, mo fi bíróọ̀ṣì kùn ún lé e lórí tààrà. Kò pẹ́ tí ojú fóòmù fi bẹ̀rẹ̀ sí í jìn wọnú lábẹ́ bíróọ̀ṣì mi. Ihò kan là, òmíràn là, ó ń yọ́ bíi ṣúgà tí omi kàn. Mo dúró, bíróọ̀ṣì lọ́wọ́, mò ń wò ó. Styrene, kẹ́míkà kan tó wà nínú rẹ́sínì yẹn, ló ń yọ́ fóòmù náà, torí nǹkan kan náà ni wọ́n fi ṣe fóòmù ọ̀hún. Epoxy, irú rẹ́sínì mìíràn, kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ kùn, ẹ kọ́kọ́ kùn ún sára èérún kékeré, kí ẹ fi í lẹ̀ di ọjọ́ kejì. (Epoxy náà, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa pò ó. Bí ẹ bá pò ó kún ife nínú ooru ọ̀sán, á gbóná, á máa rú èéfín, á sì gan mọ́ yín lọ́wọ́.)

Lẹ́ẹ̀kejì, fóòmù aláwọ̀ ìyeyè, irú èyí tó máa ń wà lára fíríìjì, ni mo lò. Mo tò ó ní ìpele méjì, kí ojú ìpàdé ti òkè má bàa bọ́ sórí ti ìsàlẹ̀, bí bíríkìlà ṣe ń to búlọ́ọ̀kù. Mo sì fi epoxy bo ẹ̀yìn rẹ̀ náà, níbi tó kọjú sí ara ọkọ̀. Ẹ ti rí bí ìgò mínírà tútù ṣe máa ń làágùn? Atẹ́gùn ọlọ́rinrin tó bá ráyè wọnú fóòmù á di omi níbẹ̀, fóòmù tó bá sì ti mu omi kò lè dí ooru lọ́nà mọ́.

Òkè ni ẹ ṣí i sí. Atẹ́gùn tútù wúwo. Bí ilẹ̀kùn bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo rẹ̀ á dà sí yín lẹ́sẹ̀ nígbàkúùgbà tí ẹ bá ṣí i. Kí ìdérí nípọn bí ara àpótí, kí rọ́bà yí etí rẹ̀ ká. Ẹ fi bébà há a, kí ẹ fà á: bó bá jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ kọjá.

Ihò tí omi ń gbà jáde ni mo fojú kéré. Mo ju ẹnu rọ́bà rẹ̀ sísàlẹ̀ ọkọ̀ láìdí i. Atẹ́gùn tútù ń ṣàn bá omi lọ ní gbogbo òru, omi ẹja sì ń rà lábẹ́ ibi tí bàbá ń sùn. Ẹ fi ẹ̀rọ omi kékeré tó ṣe é tì sẹ́nu rẹ̀, kí ẹ darí rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì.

Nígbà tí mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe tán, a kó yìnyín kílò 20 sínú rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, a sì dé e. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, bàbá ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó gbé èyí tó kù jáde: ó tó ìkúùkù méjì tí wọ́n so pọ̀, omi ń kán lára rẹ̀ sílẹ̀ ọkọ̀. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn rọra dá a padà, ó sì dé e. Páálí tí mo fi ṣe àwòṣe àpótí náà ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀n ọ́n, kó mú téèpù rẹ̀ wá.