Antibody pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ò ní kí àjẹsára ṣiṣẹ́ o

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi àwa tá à ń ṣiṣẹ́ lab jù ni pé tẹ́ ẹ bá fún èèyàn lájẹsára, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pó ṣiṣẹ́? Wọ́n rò pé tí antibody, ìyẹn pùròtéènì tára fi ń bá kòkòrò àrùn jà, bá ti pọ̀ lẹ́jẹ̀, ó parí. Rárá o jàre.

ELISA, àyẹ̀wò tó ń fi iye antibody hàn, la fi ń bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ gan-an, láti 1971 ni Engvall àti Perlmann ti gbé e jáde ní Sweden, kò sì tíì kógbá wọlé. Plate rọ́bà pẹlẹbẹ kan báyìí ni, ihò 96 ló wà lára ẹ̀. Ẹ máa da pùròtéènì bakitéríà tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe àjẹsára sínú ihò, ẹ gbé e sí fíríìjì di ọjọ́ kejì kó lè lẹ̀ mọ́ ìdí ihò, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ wá da mílíìkì sí i kó dí gbogbo ibi tó ṣófo, torí tẹ́ ò bá dí i, antibody tọ́rọ̀ ò kàn á lọ lẹ̀ síbẹ̀ lásán. Ìgbà yẹn lẹ tó máa da omi ẹ̀jẹ̀ ẹni tó gbabẹ́rẹ́ sí i, ẹ ó máa bomi là á láti ihò dé ihò. Antibody kejì tó gbé ẹ́ńsáìmù dání, tó máa ń lẹ̀ mọ́ antibody ẹni yẹn, á tẹ̀ lé e, ẹ wá da TMB, kẹ́míkà tí ẹ́ńsáìmù yẹn máa ń yí àwọ̀ ẹ̀ pa dà, sí i, ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyẹn! Omi tó mọ́ gaara á máa di búlúù lójú yín, ihò àkọ́kọ́ á dúdú kíákíá, ti ìkẹyìn á kàn máa wò bọ̀ọ̀. Tí ásíìdì bá ti kàn án, ó di yẹ́lò, ẹ̀rọ á kà á ní 450 nm. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọ plate yín dáadáa, mi ò mọ nǹkan táwọn èèyàn ń sáré bá sí níbẹ̀.)

Ẹ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó wọlé náà. Pneumococcus, bakitéríà tó ń fa pneumonia, ń gbé nímú ọ̀pọ̀ èèyàn láì ṣe wọ́n ní nǹkan kan, ara wọn ti mọ pùròtéènì ẹ̀, bíi PspA, tipẹ́, tẹ́ ò bá mọ iye tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí lẹ fẹ́ fi ti lẹ́yìn abẹ́rẹ́ wé?

Síbẹ̀, ohun tí ELISA ń sọ ò ju pé antibody lẹ̀ mọ́ pùròtéènì lọ. Kọ́lọ́pàá mọ ojú olè ò ní kó mú un. Ẹ wo V710, àjẹsára tí ilé iṣẹ́ oògùn Merck ṣe fún Staphylococcus aureus (Staph), bakitéríà tó máa ń kó wọ ojú egbò, pùròtéènì kan ṣoṣo tó ń jẹ́ IsdB ló wà nínú ẹ̀. Antibody gòkè dáadáa, wọ́n wá dán an wò lára àwọn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ àyà, 2011 ni wọ́n dá a dúró torí kò dáàbò bò wọ́n, èyí tó tún wá burú ni pé nínú àwọn tí Staph yẹn mú lẹ́yìn abẹ, àwọn tó gbàjẹsára ló kú jù.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé lọ́rọ̀ meningococcus, bakitéríà tó ń fa meningitis, SBA ni mo gbà gbọ́ ní tèmi, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń wò ó bóyá omi ẹ̀jẹ̀ ń pa bakitéríà. Ẹ ó po omi ẹ̀jẹ̀ mọ́ bakitéríà tó wà láàyè àti complement (àwọn pùròtéènì inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá antibody pa bakitéríà), ẹ wá ka iye tó ṣẹ́ kù láàyè kẹ́ ẹ lè mọ iye tó kú. Látìgbà iṣẹ́ Goldschneider ní 1969 ni wọ́n ti ń lo 1:4 bí ààlà, ìyẹn ni pé kí omi ẹ̀jẹ̀ tẹ́ ẹ bomi là dé ìlọ́po mẹ́rin ṣì lè pa bakitéríà, tó bá jẹ́ complement èèyàn lẹ lò. Complement yìí gan-an ló wá ń fayé súni o, ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ò ní antibody sí bakitéríà yẹn lẹ nílò, ẹ wá sọ ibi tẹ́ ẹ ti máa rírú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn la máa ń yẹ̀ wò ká tó rí ẹyọ kan tó ṣeé lò, tí iyẹn bá sì tán nínú fírísà, ìwá mìíràn tún ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.